Bí A Ṣe Ń Gba Ọ̀rọ̀ “Mo Jẹ̀bi” Padà Nínú Ẹjọ́ Ọ̀daràn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ti sọ “mo jẹ̀bi” níwájú adájọ́, tàbí àwọn ẹbí wọn, máa ń béèrè nígbà tí ara wọn bá ti balẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì wá rí i pé ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà wúwo ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Òfin orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe òfin òmíràn. Òfin ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni a gbé ìdáhùn lé jù lọ, nítorí pé wọ́n ti kọ òfin ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìpele-ìpele, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sì ti dá ẹjọ́ púpọ̀ lé e lórí. Ibi tí ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Kánádà bá ti la ọ̀rọ̀ yé ni a ti mẹ́nu bà wọ́n. Àlàyé ni èyí jẹ́, kò lè rọ́pò lọ́yà tó ti ka ìwé ẹjọ́ yín.

Kí ni ọ̀rọ̀ “mo jẹ̀bi” ń ṣe gan-an nílé-ẹjọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ju ìjẹ́wọ́ lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá ní àgọ́. Ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá ṣì lè dúró kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí ó sì sọ pé irọ́ ni ìjẹ́wọ́ náà, tàbí pé wọ́n fìyà jẹ òun kí òun tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kò sì sí ohun tó kù fún ilé-ẹjọ́ láti ṣe ju kí ó kéde ìjìyà tó tọ́ sí i. Bí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn nínú ẹjọ́ Kercheval lọ́dún 1927. Inú ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ti sọ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu ẹni jáde nítorí àìmọ̀kan, ìbẹ̀rù tàbí àṣìṣe, ilé-ẹjọ́ yóò pa á rẹ́ bí olùjẹ́jọ́ bá tètè béèrè.

Ẹni tó sọ pé òun jẹ̀bi ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ńláńlá mẹ́ta: ẹ̀tọ́ láti má ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀, ẹ̀tọ́ pé kí júrì, ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n yàn, jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ láti dojú kọ àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba kí ó sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Nínú ẹjọ́ Boykin lọ́dún 1969, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọdún 27 kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ti gba ẹ̀sùn ìdigunjalè márùn-ún, adájọ́ kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀. Ikú ni wọ́n dá fún un. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé olùjẹ́jọ́ mọ ohun tó ń yọ̀ǹda, àti pé tìfẹ́tìfẹ́ ló fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí adájọ́ fi máa ń bi olùjẹ́jọ́ ní ìbéèrè lọ́kan-ò-jọ̀kan lónìí. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn máa ń sú ènìyàn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yíyíhùn padà máa ń dúró lé nígbẹ̀yìn.

Mo ti sọ pé mo jẹ̀bi. Ṣé mo ṣì lè yíhùn padà?

Ìgbà tí ẹ béèrè ló máa pinnu rẹ̀ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ìlànà 11 nínú ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pín ìgbà náà sí mẹ́ta. Kí adájọ́ tó kéde pé òun gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, olùjẹ́jọ́ lè yíhùn padà nítorí ìdí yòówù, àní kò tilẹ̀ nílò láti sọ ìdí kankan. Lẹ́yìn tí adájọ́ bá ti gbà á wọlé, ṣùgbọ́n tí kò tíì kéde ìjìyà, olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ fi ìdí tó tọ́ tó sì bá ẹ̀tọ́ mu hàn, àfi bó bá jẹ́ pé adájọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ àdéhùn tí olùjẹ́jọ́ àti ìjọba jọ ṣe. Bí wọ́n bá ti kéde ìjìyà, ìlẹ̀kùn yẹn ti tì. Ọ̀nà kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àti irú ẹ̀bẹ̀ pàtàkì mìíràn tó tẹ̀ lé e nìkan ló kù.

Àwọn ènìyàn máa ń ṣi ìpele kìíní àti ìkejì mú fún ara wọn. Nínú ẹjọ́ Hyde, tí wọ́n dá lọ́dún 1997, adájọ́ ti gba ọ̀rọ̀ “mo jẹ̀bi” wọlé ṣùgbọ́n ó ní òun yóò dúró ka ìwé ìwádìí nípa olùjẹ́jọ́ náà kí òun tó pinnu bóyá òun fara mọ́ àdéhùn. Nígbà tí ó tó oṣù kan, ọkùnrin náà ní òun ti yíhùn padà, ó sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí adájọ́ kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn, òun kò nílò ìdí. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní rárá: ọ̀tọ̀ ni gbígba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọlé, ọ̀tọ̀ ni fífọwọ́ sí àdéhùn, èyí àkọ́kọ́ ni òfin sì ń wò.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ìjìyà tó jáde ni ènìyàn lè béèrè, ọwọ́ adájọ́ sì ni ìpinnu wà. Ìlànà wọn ní kí olùjẹ́jọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní kété tó bá ti mọ̀ pé òun ní ìdí, kí ó sì sọ ìdí náà nínú rẹ̀.

Irú ìdí wo ni ilé-ẹjọ́ ń pè ní ìdí tó tọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí tí kì í ṣe é. Pé ènìyàn kàn yí ọkàn padà kì í ṣe ìdí. Pé ìwé ìwádìí tí wọ́n kọ fún adájọ́ fi hàn pé ọdún ẹ̀wọ̀n yóò pọ̀ ju bí lọ́yà ṣe fojú bù ú lọ kì í sábà jẹ́ ìdí, pàápàá bí adájọ́ bá ti sọ fún olùjẹ́jọ́ lójúkojú pé òun kò ní tẹ̀ lé àfojúbù ẹnikẹ́ni. Pé ẹlẹ́rìí ìjọba kan ti kú tàbí ti sá lọ, tí ẹjọ́ ìjọba sì wá rọ, kì í ṣe ìdí rárá. Ohun tó máa ń jẹ́ kí adájọ́ fura nìyẹn pé ẹni náà ń ta ayò.

Àwọn ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Amẹ́ríkà ní àwọn ohun tí wọ́n máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n pọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dá nìkan borí. Wọ́n máa ń wò ó bóyá olùjẹ́jọ́ ń sọ pé òun kò ṣẹ̀, tí ó sì ní ohun tó fi gbè é lẹ́sẹ̀. Iye ọjọ́ tó kọjá kí ó tó béèrè. Bóyá ó ní lọ́yà tó dúró tì í dáadáa. Bóyá ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ti inú ọkàn àti òye rẹ̀ wá. Àti ìpalára tí ìyíhùnpadà náà yóò ṣe fún ìjọba àti fún ilé-ẹjọ́. Nínú gbogbo wọn, ọjọ́ tó kọjá ni mo rí i pé àwọn ènìyàn ń fojú kéré jù. Ẹni tó sáré padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tó ní ọkàn òun dàrú lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta létí adájọ́. Ẹni tó dákẹ́ fún oṣù mẹ́jọ, tó wá ní ọkàn òun dàrú lẹ́yìn tó gbọ́ iye ọdún tó ń bọ̀, ohùn kan náà ló lò ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé rí ni ti Michael Flynn, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì tó sì ti fìgbà kan jẹ́ olùdámọ̀ràn ààbò fún ààrẹ Amẹ́ríkà. Ó sọ pé òun jẹ̀bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ó tún un sọ níwájú adájọ́ mìíràn lábẹ́ ìbúra lẹ́yìn ọdún kan, kò sì béèrè láti yíhùn padà títí di oṣù Kìíní ọdún 2020. Ilé-ẹjọ́ kò dá ìbéèrè náà rárá, nítorí ìjọba fúnra rẹ̀ ló wá ní kí wọ́n pa ẹjọ́ náà rẹ́, ààrẹ sì dárí jì í ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ti ọ̀gágun yìí ṣe àwòkọ́ṣe yóò ní láti kọ́kọ́ wá ààrẹ tirẹ̀.

Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyẹn kò tó?

Irú ìbẹ̀rù wo ni? Ìbẹ̀rù pé ìjìyà yóò pọ̀ sí i bí ẹ bá dúró kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ yín kò tó. Nínú ẹjọ́ Brady lọ́dún 1970, olùjẹ́jọ́ ní nítorí kí wọ́n má baà dá ikú fún òun ni òun ṣe gba ẹ̀bi, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dáhùn pé níwọ̀n ìgbà tí ó ní lọ́yà tó múná dóko, tí ó sì mọ ohun tó ń ṣe, ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di èyí tí wọ́n fipá gbà. Ó lè dà bí ẹni pé òfin ṣàìláàánú níbí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ìbẹ̀rù ìjìyà ní ìfipámúni, kò ní sí àdéhùn kankan tí yóò dúró.

Ìbẹ̀rù mìíràn wà tí òfin mọ̀: kí wọ́n lu ènìyàn, kí wọ́n halẹ̀ mọ́ ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀, kí olùjẹ́jọ́ kejì ránṣẹ́ sí i pé bí kò bá gba ẹ̀bi mọ́ra, ohun kan yóò ṣẹlẹ̀. Ti adájọ́ náà wà níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Turner nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1970, olùjẹ́jọ́ gbà pé ìránṣẹ́ adájọ́ ni lọ́yà òun ń jẹ́ nígbà tó ń sọ pé bí òun bá kọ̀ òun yóò ṣẹ̀wọ̀n, bí òun bá gbà òun kò ní ṣẹ̀wọ̀n. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbé e yẹ̀ wò bóyá adájọ́ rán lọ́yà náà ní tòótọ́. Ohun tí olùjẹ́jọ́ gbà gbọ́ pé ó jẹ́ òótọ́ ti tó láti sọ pé kò ní òmìnira láti yàn.

Lọ́yà mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo lè di í rù ú?

Pé lọ́yà gba yín nímọ̀ràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Pé ìmọ̀ràn náà kò wá yọrí sí ibi tí ẹ fẹ́ kò tíì sọ ọ́ di àṣìṣe lójú òfin. Ẹjọ́ Hill lọ́dún 1985 ló gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ lọ́yà náà kò dé ìwọ̀n tó yẹ kí iṣẹ́ lọ́yà dé, àti pé bí kì í bá ṣe àṣìṣe rẹ̀ ni, ó ṣeé gbà gbọ́ pé ẹ kò bá tí sọ pé ẹ jẹ̀bi, ẹ ì bá dúró kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ yín dé òpin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù ni ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń jẹ́jọ́. Lọ́dún 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó jẹ́ dandan fún lọ́yà láti sọ fún oníbàárà rẹ̀ bí gbígba ẹ̀bi náà bá lè mú kí wọ́n lé e kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ọkùnrin tó pẹjọ́ náà, ọmọ Honduras, ti gbé ní Amẹ́ríkà ju 40 ọdún lọ, ó ti jagun fún wọn ní Vietnam, lọ́yà rẹ̀ sì ti fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu nítorí ó ti pẹ́ nílùú.

Ẹjọ́ Lee lọ́dún 2017 tún lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni Lee, olùjẹ́jọ́ náà, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e kúrò ní Gúúsù Kòríà lọ́dún 1982. Nígbà tí wọ́n mú un fún oògùn olóró, ó bi lọ́yà rẹ̀ léraléra bóyá wọn yóò lé òun, lọ́yà sì ní rárá. Ẹ̀rí ìjọba le koko, kò sì dájú pé ó lè borí bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìjọba wá ní, kí ló wá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀? Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé lójú ẹni tí lílé kúrò nílùú jẹ́ ohun tó burú jù lọ, àní bí àǹfààní àtiborí bá kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó ṣì lè yàn án ju ohun tó dájú pé yóò lé e lọ. Ohun tó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn ìgbà náà. Inú àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìjókòó ni ẹ̀rí wà. Adájọ́ bi í bóyá lílé kúrò nílùú kan ìpinnu rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yíjú sí lọ́yà rẹ̀, ẹni tó ní ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn lásán ni.

Ní Kánádà, ẹjọ́ Wong lọ́dún 2018 fi apá kejì hàn. Gbogbo adájọ́ ló gbà pé Wong, olùjẹ́jọ́ náà, kò mọ̀ pé gbígba ẹ̀bi òun yóò kan ìwé ìgbélùú òun, síbẹ̀ ó pàdánù, nítorí pé nínú ìwé ìbúra rẹ̀ kò sí ibì kan tó ti sọ ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun ti mọ̀. Gbólóhùn kan tí kò sí nínú ìwé.

Wọn kò mú ìlérí tí wọ́n ṣe fún mi ṣẹ.

Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá ṣe ìlérí, tí ìlérí náà sì jẹ́ ara ohun tó mú kí ẹ gba ẹ̀bi, ó gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ. Ní New York, nínú ẹjọ́ Santobello tí wọ́n dá lọ́dún 1971, agbẹjọ́rò ìjọba ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ ohunkóhun nípa ìjìyà. Agbẹjọ́rò mìíràn ló wá dìde lọ́jọ́ ìdájọ́, tó sì béèrè fún ọdún kan, èyí tó ga jù tí òfin gbà. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò náà kò nípa lórí ìdájọ́ òun. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà padà síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé ìlérí ìjọba kì í yí padà bí agbẹjọ́rò bá yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ ka àdéhùn náà dáadáa. Bí ohun tí ìjọba ṣèlérí bá jẹ́ pé òun yóò dábàá iye ọdún kan, tí ó sì dábàá rẹ̀, adájọ́ lè fi kún un, ẹ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti yíhùn padà nítorí ìyẹn. Bó bá jẹ́ àdéhùn tó dè adájọ́, tí adájọ́ sì kọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni ẹ̀tọ́ náà ṣí sílẹ̀, adájọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ní gbangba. Àárín ìlà méjì péré nínú ìwé ni ìyàtọ̀ náà máa ń wà.

Mo ti sọ lábẹ́ ìbúra pé kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ǹjẹ́ mo lè sọ ohun mìíràn báyìí?

Ẹ lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdènà tó ga jù lójú ọ̀nà yín nìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ sì ni ilẹ̀ tí ẹyin yìí já sí. Nínú ẹjọ́ Blackledge lọ́dún 1977 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ohun tí ènìyàn bá fi ìbúra sọ ní gbangba ilé-ẹjọ́, òótọ́ ni a ó kọ́kọ́ gbà pé ó jẹ́. Síbẹ̀, inú ẹjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti ní kí wọ́n gbọ́ ti ẹlẹ́wọ̀n tó pẹjọ́, nítorí ó dárúkọ ẹni tó ṣèlérí fún un, ó sọ ìgbà tó ṣe é, ó sì ṣàlàyé ìdí tí òun fi dáhùn ìbéèrè adájọ́ bí òun ṣe dáhùn. Àròyé gbogboogbò kì í ṣí ilẹ̀kùn. Ohun tó ní orúkọ, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ló lè ṣí i. Ẹ sì rántí pé bí ẹ bá búra báyìí pé ohun tí ẹ búra sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sọ pé ẹ ti búra èké rí. Lọ́yà tó bá gbé yín lọ síbẹ̀ láìsọ èyí fún yín kò ṣe yín lóore.

Mo ti lo oògùn lọ́jọ́ náà, n kò sì gbọ́ èdè wọn dáadáa.

Ìdí gidi ni méjèèjì lè jẹ́, ìdí nìyẹn tí adájọ́ fi máa ń béèrè bóyá ẹ ti lo oògùn kankan láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí ẹ bá dáhùn pé rárá, ẹ nílò ìwé dókítà tàbí ti ilé oògùn tó bá ọjọ́ náà mu. Ní ti èdè, ẹ wo àkọsílẹ̀ bóyá ògbufọ̀ wà níbẹ̀, bóyá ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, àti bóyá ìdáhùn yín kò ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀?

Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí adájọ́ tó gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, pẹ̀lú ìwé ìbúra olùjẹ́jọ́ àti ẹ̀rí mìíràn tó bá wà. Ìjọba yóò fèsì. Adájọ́ lè jókòó gbọ́ ẹ̀rí, ó sì lè kọ̀ láti jókòó bí ìwé náà kò bá sọ ohun kan tó lè yí ìpinnu padà. Olùjẹ́jọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdí òun tọ́.

Bó bá jẹ́ pé lọ́yà yín lẹ ń fẹ̀sùn kàn, òun kọ́ ló yẹ kí ó kọ ìwé náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ lè di ẹlẹ́rìí. Ẹ béèrè fún lọ́yà mìíràn. Bí ẹ kò bá lágbára rẹ̀, ẹ ní kí ilé-ẹjọ́ yan ọ̀kan fún yín. Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀ títí yóò fi bọ́ sórí: àṣírí tó wà láàárín ẹ̀yin àti lọ́yà àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ àṣírí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kàn án. Yóò gorí ìjókòó ẹlẹ́rìí, yóò sì sọ ohun tó bá yín sọ.

Bí adájọ́ bá gbà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè nìyí, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Pé adájọ́ gbà kò túmọ̀ sí pé ẹ ti bọ́. Ó túmọ̀ sí pé ẹ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn ti wó, ẹ̀sùn tí ìjọba ti mú kúrò nítorí àdéhùn sì lè padà wá. Nínú ẹjọ́ Ricketts lọ́dún 1987, ọkùnrin kan tí wọ́n ti dín ẹ̀sùn rẹ̀ kù sí ìpànìyàn onípele kejì ba àdéhùn tirẹ̀ jẹ́, wọ́n sì tún un pè lẹ́jọ́ fún ìpànìyàn onípele kìíní, èyí tó wúwo jù. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìyẹn kò lòdì sí òfin tó ní kí a má ṣe pe ènìyàn lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Ìjìyà náà lè pọ̀ sí i. Ọdún 30 ni wọ́n dá fún olùjẹ́jọ́ inú ẹjọ́ Alabama v. Smith nígbà tó gba ẹ̀bi. Ó ṣàṣeyọrí láti mú kí wọ́n fagi lé e, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó pàdánù, adájọ́ kan náà sì dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un pẹ̀lú 150 ọdún lé e lórí. Lọ́dún 1989, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní a kò lè ti ìyẹn nìkan sọ pé adájọ́ ń gbẹ̀san, nítorí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ látòkè délẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀ náà ju adájọ́ tó gbọ́ “mo jẹ̀bi” nìkan lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ìjìyà máa ń dín ìdá kan nínú mẹ́ta kù fún ẹni tó gba ẹ̀bi ní àǹfààní àkọ́kọ́, ó sì lè já sí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún ẹni tó dúró di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Ẹni tó yíhùn padà ti fi ẹ̀dínkù yẹn sílẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ ti sọ, Ìlànà 410 nínú òfin ẹ̀rí ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò yín: ọ̀rọ̀ “mo jẹ̀bi” tí ẹ ti gbà padà kò ṣeé mú wá ṣe ẹ̀rí lòdì sí yín, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí ẹ sọ nígbà tí ẹ ń dúnàádúrà pẹ̀lú agbẹjọ́rò ìjọba. Àmọ́, lọ́dún 1995, nínú ẹjọ́ Mezzanatto, ilé-ẹjọ́ gbà pé ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ààbò yìí nínú àdéhùn. Láti ìgbà náà, gbólóhùn ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro láti rí nínú ìwé tí ìjọba ń gbé wá fún ìbuwọ́lù. Ẹ lọ wo tiyín.

Wọ́n ti dá ìjìyà fún mi ńkọ́?

Ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọjọ́ 14 ni ènìyàn ní láti fi ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́. Bí ìyẹn bá kọjá, ẹ̀bẹ̀ mìíràn wà tí ẹlẹ́wọ̀n lè kọ padà sí ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi, èyí tó sábà ní gbèdéke ọdún kan láti ìgbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ti parí. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní gbólóhùn tí olùjẹ́jọ́ fi yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Síbẹ̀, ẹjọ́ Garza lọ́dún 2019 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ẹ bá sọ fún lọ́yà yín pé kí ó fi ìwé náà sílẹ̀, tí kò sì ṣe é, ẹ̀bi rẹ̀ ni, àní bí gbólóhùn ìyọ̀ǹda wà nínú àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ má ṣe sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Ta ni yóò gbà pé aláìṣẹ̀ lè sọ pé òun jẹ̀bi?

Ilé-ẹjọ́ fúnra wọn ti gbà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka ilé ìfìwéránṣẹ́ rí i tí kọ̀ǹpútà Horizon ń kéde pé owó ń sọnù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́jọ́ fún olè, àwọn kan sì gba ẹ̀sùn ìwé ìṣirò èké kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn olè àti ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ẹ̀bi àwọn 39 nínú wọn, lọ́dún 2024 sì ni ilé aṣòfin ṣe òfin pàtàkì tó fagi lé ẹ̀bi ọ̀pọ̀ àwọn tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ló ń ṣìṣe. Ọ̀rọ̀ “mo jẹ̀bi” tó ti ẹnu wọn jáde kò yí ìyẹn padà, ó kàn jẹ́ kí òtítọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ láti yíhùn padà kò pọn dandan kí ó jẹ́ aláìṣẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ tí wọ́n sì tàn jẹ ní ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ kò ṣẹ̀ ní tòótọ́, ẹ sọ ọ́ ní kedere, ẹ sì sọ ohun tó fi hàn bẹ́ẹ̀, nítorí adájọ́ tó bá ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí kò rí i níbẹ̀ yóò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi sí.

Kí ni kí n kó lọ bá lọ́yà tuntun?

Ìwé ẹ̀sùn àkọ́kọ́ àti èyí tí wọ́n yí i sí. Àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù, gbogbo ojú ìwé rẹ̀. Lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ó wà láàárín ẹ̀yin àti lọ́yà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Orúkọ oògùn tí ẹ ń lò. Àti ìwé ìgbélùú yín bí ẹ kì í bá ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ tí ẹ sọ pé ẹ jẹ̀bi ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ kò bá tíì gbà á, ẹ béèrè fún un kí ẹ tó lọ, nítorí ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó kọ ohun tí ẹ rántí nípa ọjọ́ náà sínú ìwé kan: ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀, ohun tó sọ, ibi tí ẹ wà, àti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ fẹ́ yíhùn padà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ń kọ ọ́ sí òkè rẹ̀, kí ẹ sì fi lé lọ́yà tuntun náà nìkan lọ́wọ́.